Eérú Kòkó Tí Mo Sunkún Kí Ìyá Mi Tà

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ọ̀kà Àkókó, kò sí ẹni tí mo ń jowú tó ọmọbìnrin bàbá oníkòkó tí ilé wọn kọjú sí tiwa. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Mo mọ̀ pé àgbàlagbà kì í sábà sọ irú ọ̀rọ̀ yìí jáde lẹ́nu, wọ́n á ní àwọn ò jowú ẹnikẹ́ni rí láyé àwọn. Irọ́ ni. Èmi jowú. Mo jowú bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀, mo jowú bàbá rẹ̀, mo tilẹ̀ jowú òórùn kòkó tó máa ń wà lára aṣọ rẹ̀ bó bá jókòó tì mí ní kíláàsì. Ohun tí owú náà fà ni mo fẹ́ sọ fún yín lónìí, torí mo rí i pé ẹ̀yin ọmọ-ọmọ mi ti ń kó kajú jọ sẹ́yìnkùlé mi, ẹ ń retí tírélà.

Kò tíì pẹ́ púpọ̀ nígbà náà tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀. Àwọn ará Èkìtì ṣì wà lára wa, Àkúrẹ́ ni olú-ìlú gbogbo wa. Ẹ mọ̀ pé orí òkè ni Ọ̀kà wà, àpáta ló yí wa ká, orí àpáta yìí la sì ń sá gbogbo nǹkan sí. Ìdílé kọ̀ọ̀kan ló ní ibi tiẹ̀, kò sẹ́ni tó sàmì sí i, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń ṣì í. Ti bàbá oníkòkó tẹ́ pẹrẹsẹ, oòrùn máa ń wà níbẹ̀ láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Tiwa wà nísàlẹ̀ rẹ̀, níbi tó dà gẹ̀rẹ́ díẹ̀, tí ohun tí a bá sá máa ń fẹ́ yí lọ. Kòkó ni wọ́n ń sá sórí tiwọn. Èèpo kòkó tí wọ́n ti dà nù là ń sá sórí tiwa. Ẹ rí i pé kò ṣòro láti jowú.

Ìyá mi, ọlọ́ṣẹ ni. Ọṣẹ dúdú ló ń sè, iṣẹ́ tí ìyá rẹ̀ náà ṣe nìyẹn. Bí wọ́n bá ti fọ́ kòkó tán lóko, bàbá oníkòkó á kó hóró rẹ̀ lọ, á fi èèpo sílẹ̀ kó máa jẹrà lábẹ́ igi. A ó ru agbọ̀n lọ síbẹ̀ lọ ṣà á. Kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wa, ó tilẹ̀ máa ń dúpẹ́ pé a bá òun palẹ̀ mọ́. A ó sá èèpo náà títí yóò fi gbẹ, a ó sun ún di eérú, a ó kù ú. Ìyá mi á wá da eérú sínú ìkòkò kan tí ìdí rẹ̀ ní ihò wẹ́wẹ́, á bu omi lé e lórí. Omi tó bá ń kán jáde nísàlẹ̀, kò ṣe é fọwọ́ kàn lásán, ó ń ta bí ata. Ìyá mi á fi ahọ́n tọ́ ọ wò, á tu ú dànù, á ní, "Kò tíì gún," tàbí, "Ó ti tó." Omi yẹn àti àdín ló máa gbé ka iná, tí yóò máa rò ó láti àárọ̀ títí oòrùn á fi yẹ̀. Ìkòkò oníhò yẹn, ìyá ìyá mi ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ mọ ọ́n, ìyá mi kì í sì í jẹ́ kí ẹlòmíràn fọ̀ ọ́.

Èèwọ̀ kan wà nídìí ọṣẹ ilé wa o. Ẹni tí inú ń bí kò gbọdọ̀ súnmọ́ ọn. Wọ́n gbà pé bí ẹni tó dijú mọ́rí bá dúró ti ọṣẹ, á kàn máa hó ni, kò ní dì. Nítorí náà, kí ìyá mi tó da àdín sí i, á nàró, á wo gbogbo wa yíká, á béèrè pé, "Ta ni inú ń bí níbí?" O ò gbọdọ̀ purọ́. Bí inú bá ń bí ẹ, wàá dìde, wàá lọ jókòó sábẹ́ igi ọsàn títí wọ́n á fi ṣe tán. Kò sẹ́ni tó máa bá ẹ wí, kò sẹ́ni tó máa bi ẹ́ ní ìdí. Ṣùgbọ́n láti abẹ́ igi yẹn, o ò lè rí ohun tí wọ́n ń ṣe nídìí iná.

Ẹ̀yin ọmọ mi, èmi ni mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ abẹ́ igi ọsàn yẹn di ilé. Ọmọ bàbá oníkòkó máa ń sọdá wá wo ọṣẹ sísè, á jókòó ti ìyá mi, á máa béèrè èyí, béèrè tọ̀hún. "Ìyá ọlọ́ṣẹ, kí ló dé tó fi ń dúdú? Ìyá ọlọ́ṣẹ, báwo lẹ ṣe mọ̀ pé ó ti tó?" Ìyá mi á máa dá a lóhùn bí ẹni tí inú rẹ̀ dùn. Èmi á ti rí bàtà náà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ta ni inú ń bí níbí? Èmi ni. Màá dìde, màá lọ.

Ọjọ́ kan ni tíṣà wa kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ nípa ọjà tí orílẹ̀-èdè ń tà sókè òkun. Ó ní ọjà yẹn ló ń mú owó wọlé, òun ló ń kọ́ ilé ìwòsàn, òun ló ń da ọ̀dà sójú títì. Ó ní kòkó ló kọ́ ilé ìwé tí a jókòó sínú rẹ̀. Ó wá béèrè ẹni tí nǹkan ti ń lọ sókè òkun láti ilé wọn. Ta ló tún kù? Ọmọ bàbá oníkòkó dìde. Ó ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń kó kòkó bàbá rẹ̀ lọ sí Ìkàrẹ́, bí ayẹ̀kòkówò ṣe ń fi ọ̀bẹ la hóró rẹ̀ wò, tó ń lu òǹtẹ̀ mọ́ àpò, bí tírélà ṣe ń gbé e lọ sí Èkó kó tó wọ ọkọ̀ ojú omi. Tíṣà ní ká pàtẹ́wọ́ fún un. Èmi náà pa á.

Ó wá kọjú sí mi. "Ìwọ ńkọ́, kí ni wọ́n ń tà nílé yín?" Mo ní ọṣẹ ni. Ó ní àwọn wo ló ń rà á? Mo ní àwọn ará Ìkàrẹ́, àwọn ará Ùgbè, àwọn ìyá ọlọ́mọ tuntun. Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́ fún ìyá mi. Ẹ̀rín yẹn wọ̀ mí dé egungun, àní bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí, mo ṣì ń gbọ́ ọ.

Kò pẹ́ sígbà náà ni ọkùnrin kan gbé lọ́rì òfìfo wá sí ọjà Ìkàrẹ́. A ò mọ ibi tó ti wá, ó wọ aṣọ funfun nínú eruku ọjà. Ó ra ọṣẹ kan lọ́wọ́ ìyá mi, ó fi fọwọ́ níbẹ̀, ó gbóòórùn rẹ̀, ó béèrè ohun tí wọ́n fi ṣe é. Ìyá mi sọ fún un, òun kì í fi ọ̀rọ̀ pamọ́. Ọkùnrin náà ní òun ò fẹ́ ọṣẹ, eérú rẹ̀ lòun fẹ́, àpò-àpò. Ó ní àwọn kan wà lókè òkun tí wọ́n ń wá a fún iléeṣẹ́ wọn.

Òkè òkun! Yéè! Orí mi wú. Mo ti rí ara mi ní kíláàsì tí mo dìde, tí tíṣà ń sọ pé kí wọ́n pàtẹ́wọ́. Ìyá mi ní tiẹ̀ kàn rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ọ̀gá, eérú kì í ṣe ọjà. Bí mo bá kó eérú fún yín, kí ni màá wá fi ọwọ́ mi ṣe?" Ó di ẹrù rẹ̀, ó ní ká máa lọ.

Inú ọkọ̀ tó ń gun òkè lọ sí Ọ̀kà ni mo ti bẹ̀rẹ̀ ẹkún. Mo sun ún délé, mo sun ún mọ́jú. Mo kọ oúnjẹ, àní iyán, ẹ wá wò ó! Mo sọ fún ìyá mi pé kò fẹ́ràn mi. Mo ní bó bá fẹ́ràn mi ni, kò ní jẹ́ kí ọmọ bàbá oníkòkó máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ọmọ ọ̀hún ò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ rí o, mo parọ́ mọ́ ọn ni. Lọ́jọ́ kẹta, ìyá mi wá jókòó tì mí lórí ẹní. Ó ní, "Ṣé eérú yìí náà ló fẹ́ pa ọ́?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó wá ní, "Ó dáa, a ó tà á. Ṣùgbọ́n rántí pé ìwọ lo ní ká tà á." Èmi ò tilẹ̀ gbọ́ apá ìkẹyìn yẹn. Oúnjẹ ni mo wá lọ.

A kó gbogbo èèpo ọdún yẹn, a sun ún, a kù ú, a dì í sínú àpò. Ká sọ òótọ́, iṣẹ́ náà yá. Kò sí pé à ń dúró ti iná, kò sí pé à ń polówó lábẹ́ oòrùn. Lọ́rì dé, ó kó o, owó dé lẹ́ẹ̀kan. Ìyá mi ra bàtà fún mi. Mo wọ bàtà náà lọ sílé ìwé, mo dìde láìjẹ́ pé tíṣà pè mí, mo ní, "Eérú ìyá mi ti wọ ọkọ̀ ojú omi!" Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ọmọ bàbá oníkòkó ló pa á jù, ìyẹn ló sì dùn mí, torí mo fẹ́ kó jowú mi ni. Lẹ́yìn tí wọ́n pa á tán, ó rọra bi mí léèrè, "Ṣé wọn ò ní se ọṣẹ mọ́ ni?" Ojú rẹ̀ fà ro. Mo ní ó ti ń jowú nìyẹn. Mo gbádùn rẹ̀ délé.

Àmọ́ nǹkan ti ń yí padà nílé. Obìnrin méjì wà tí wọ́n máa ń bá ìyá mi ro ọṣẹ. Wọ́n wá lọ́jọ́ kìíní, wọ́n wá lọ́jọ́ kejì, iṣẹ́ ò sí, ọ̀kan lọ sí Ṣúpárè lọ máa bó ẹ̀gẹ́ fún olóko, èkejì ò tún yà sọ́dọ̀ wa mọ́. Ìyá aládìín láti Ṣóṣan gbé àdín rẹ̀ dé, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà wa, ó mu omi, ó tún gbé e padà. Ẹni tó ń já ewé tí a fi ń pọ́n ọṣẹ, òun náà ò ríbi tà á. Lọ́jọ́ kan, ìyá ọlọ́mọ tuntun kan ti Ùgbè wá, ọmọ náà wà lẹ́yìn rẹ̀, èélá bo gbogbo orí ọmọ. Ó ní ọṣẹ ilé wa nìkan ló bá a lára mu. Ìyá mi wá gbogbo inú ilé, kò rí ju ẹ̀rún díẹ̀ tó gbẹ mọ́ ìdí igbá. Ó ha á fún un. Nígbà tí obìnrin náà lọ tán, ìyá mi jókòó, ó ń wo àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀.

Ẹ tún gbọ́ èyí. Ìròyìn tàn pé eérú ti di owó. Bàbá oníkòkó ní èèpo tí òyìnbó ń rà kì í tún ṣe ìdọ̀tí, ó ní kí a má ṣà á lóko òun mọ́. Ta ló máa bá a jà? Oko rẹ̀ ni. Òun náà ń sun tiẹ̀, àwọn olóko yòókù ń sun tiwọn, èéfín bo orí àpáta. Nígbà tí onílọ́rì náà padà dé, ó bá eérú níbi gbogbo, ó ní iye ti wálẹ̀. Ìyá mi ní, ta ló sọ ọ́ wálẹ̀? Ó ní wọ́n ti sọ iye tuntun fún òun láti ọ̀hún ni. Ìyá mi ní, àwọn wo ni wọ́n? Ó ní òun náà ò rí wọn rí. Bàbá oníkòkó wà níbẹ̀. Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò lè rín in. Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ náà ni ti kòkó mi, Ìyá ọlọ́ṣẹ. Láti ọjọ́ tí mo ti ń gbìn ín, ẹni tó ń rà á ló ń dá iye lé e, mi ò dá a rí." Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo mọ̀ pé bàbá tí mo ń jowú náà ní ọ̀gá.

Lọ́rì ò wá mọ́ lẹ́yìn ìyẹn. A retí rẹ̀ títí òjò fi bẹ̀rẹ̀. Àwọn àpò eérú wa tó ṣẹ́ kù, tí a ti sun kí wọ́n tó kọ èèpo fún wa, wà lábẹ́ ọ̀ṣọ̀rọ̀ ilé, òjò sì wọ inú wọn fún òru méjì gbáko. Ní àárọ̀, omi dúdú ń ṣàn sísàlẹ̀ àpáta. Ìyá mi fi ìka kan eérú tó kù, ó fi ahọ́n tọ́ ọ wò. Ó ní, "Ó ti tẹ́." Ẹ gbọ́ bí àwọn àgbà ṣe máa ń sọ ọ́, ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀. Èmi ni mo dà á, ṣùgbọ́n orí ìyá mi ló bà lé.

Nígbà tó yá, a rí ọṣẹ dúdú kan tó ti òkè òkun wá ní ọjà Ìkàrẹ́, wọ́n fi bébà dídán wé e, ó ní àwòrán òdòdó lára. Owó ẹyọ kan rẹ̀ ju ohun tí wọ́n ń san fún odidi agbọ̀n eérú lọ. Àwọn oníbàárà ìyá mi ń rà á. Ìyá mi náà ra ọ̀kan. Ó tú bébà rẹ̀, ó fi ahọ́n kàn án. Mo ń retí kó bú wọn. Mo fẹ́ kó ní eérú wa ni wọ́n jí. Ó ní, "Ó dára. Ọwọ́ wọn mọ́." Ó rìn díẹ̀, ó tún ní, "Wọ́n kúkú ra eérú lọ́wọ́ wa ni. Àwa la fi iṣẹ́ wa ṣe ènì." Bàtà tó rà fún mi wà lẹ́sẹ̀ mi lọ́jọ́ náà, ó ń há mi.

Ìyá mi fẹ́ padà sídìí ọṣẹ, kò rí èèpo. Àárọ̀ ọjọ́ kan ni ọmọ bàbá oníkòkó dé pẹ̀lú agbọ̀n èèpo kòkó lórí. Ó ti bẹ bàbá rẹ̀ títí bàbá fi gbà. Ó sọ agbọ̀n kalẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ìyá ọlọ́ṣẹ, ẹ kọ́ mi." Ẹ wo ẹni tó ní gbogbo nǹkan, ìyá mi ló tún wá kù tó fẹ́ gbà! Lọ́jọ́ tí a máa sè é, ìyá mi nàró, ó wò wá yíká. "Ta ni inú ń bí níbí?" Mo lè purọ́. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni mo ti rò ó pé ká ní mo purọ́ lọ́jọ́ náà. Mo dìde, mo lọ sábẹ́ igi ọsàn. Kí n tó débẹ̀, mo bojú wẹ̀yìn, mo rí ọmọ náà tó bọ́ bàtà rẹ̀ sílẹ̀, tó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, tó súnmọ́ iná.

Mo dàgbà, mo di tíṣà ní Àkúrẹ́. Ẹ máa rẹ́rìn-ín o: ẹ̀kọ́ kan náà ni mo kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi. Ọjà tí a ń tà sókè òkun ló ń gbé ìlú ga. Mo ní kí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún ọmọ olóko kòkó. Ìgbà tí wọ́n ránṣẹ́ pè mí pé ara ìyá mi ò yá, mo dé, mo wo igun tí ìkòkò oníhò máa ń wà, kò sí níbẹ̀. Ó ti gbé e fún ọmọ bàbá oníkòkó. Mo sunkún, àgbàlagbà bíi tèmi. Ìyá mi dì mí lọ́wọ́ mú, ó ní, "Ìwọ lọmọ mi. Òun ló mọ̀ ọ́n lò." Ọ̀rọ̀ náà kò ní àbùkù kankan, ìdí nìyẹn tó fi ń dùn mí títí dòní.

Ẹ̀yin náà mọ obìnrin yẹn. Òun ló ni ilé ọṣẹ ńlá tó wà lọ́nà Ìkàrẹ́, tí ọmọbìnrin bíi mélòó kan ń bá a ṣiṣẹ́, tí àwọn aládìín ń tò sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Bàbá rẹ̀ ti kú, oko kòkó ọ̀hún ti di ilé ọlọ́gbà. Ọṣẹ rẹ̀ ń lọ sókè òkun báyìí. Ẹ gbọ́ mi dáadáa, ọṣẹ ni mo wí, nínú bébà tí wọ́n kọ Ọ̀kà Àkókó sí, òun ló sì ń dá iye lé e. Èmi tí mo jẹ́ ọmọ ọlọ́ṣẹ, owó ni mo fi ń ra ọṣẹ ìyá mi.

Ayé ti yí padà lóòótọ́. Nígbà tiwa, ẹni tí nǹkan rẹ̀ bá wọ ọkọ̀ ojú omi ti di ènìyàn pàtàkì, kò sẹ́ni tó ń béèrè ohun tó kù sílé. Lónìí, ẹ̀yin ọmọdé ń fi fóònù wo iye tí wọ́n ń ra kajú níbi tí ojú wa ò tó, síbẹ̀ tírélà ṣì ń wọlé ní òfìfo, ó sì ń jáde ní kíkún. Mi ò ní kí ẹ má tà á. Tíṣà wa ò parọ́, ó kàn fi ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀ lágbedeméjì ni, èmi náà sì gbà á bẹ́ẹ̀ kọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Ẹ kàn bi ara yín ohun tí ọwọ́ yín máa ṣe lẹ́yìn tí tírélà bá lọ tán.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo mú èyí tó dàgbà jù nínú yín lọ sílé ọṣẹ náà pé kí wọ́n kọ́ ọ. Ìyẹn ni kò jẹ́ kó bá yín ṣa kajú. A bá obìnrin náà nídìí iná, irun rẹ̀ ti funfun, kò wọ bàtà. Ìkòkò oníhò ìyá mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, omi eérú ń kán. Ó kí mi, ó fi àyè jíjókòó hàn mí. Ó wá gbé igbá àdín, ó nàró, ó wo gbogbo wa yíká bí ìyá mi ṣe máa ń ṣe gẹ́lẹ́, ó ní, "Ta ni inú ń bí níbí?"

Kò sí ọ̀kan nínú àwọn ọmọbìnrin náà tó dìde. Ọmọ-ọmọ mi wò mí. Mo mú báàgì mi, mo rọra dìde, mo lọ jókòó sábẹ́ igi máńgòrò tó wà níta. Mi ò rí ohun tí wọ́n ń ṣe láti ibẹ̀, ṣùgbọ́n mo ń gbọ́ ohùn ọmọ-ọmọ mi, tó ń béèrè èyí, béèrè tọ̀hún.